Ìyá Bọ́tìnnì àti Bíírò Pupa Mi

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹfà ní gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì, mi ò sì tíì rí ẹni tó jowú mi rí. Èmi ni mo jowú. Ẹni tí mo jowú kì í ṣe olùkọ́ bíi tèmi, kì í ṣe ọ̀gá ilé ìwé, kì í ṣe ẹni tó kàwé jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọmọ ìyá mi, aránṣọ tí kò ka ìwé karùn-ún parí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ àwáwí.

Ìyá Bọ́tìnnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò da bọ́tìnnì nù rí. Aṣọ tó bá ti gbó, á kọ́kọ́ já bọ́tìnnì rẹ̀ kó tó sọ ọ́ di àkísà. Agolo mílíìkì ló ń kó wọn sí, ó sì tò wọ́n sórí pẹpẹ: funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, oníhò méjì lọ́tọ̀, oníhò mẹ́rin lọ́tọ̀. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fèrèsé kan, tábìlì ìgéṣọ kan, bẹ́ǹṣì kan fún oníbàárà, àti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tó ti ń tẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ìwé kejì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ń wú báyìí. Tó bá ti di ọwọ́ ọ̀sán, á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ náà sórí àpótí, á wá máa fi ti òsì nìkan tẹ ẹ̀rọ.

Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá wa pe àwa méjèèjì síwájú, ó ní agbára òun kò ká ju ọmọ kan lọ nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìwé karùn-ún, òun ló ń ṣe ipò kìíní. Èmi wà ní ìwé kejì, ipò tí mo ń ṣe kò ṣeé sọ létí àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí èmi máa lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Yunifọ́ọ̀mù tí mo wọ̀ títí mo fi jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, òun ló rán gbogbo rẹ̀.

Ẹ ó ní ọpẹ́ ló yẹ kí n máa dá. Mo ń dá a, ẹnu mi ń dá a dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí wọ́n ṣe lóore tí kò lè san padà, tí kò bá ní í purọ́ fún yín, á sọ fún yín pé oore náà a máa wúwo. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní tí ẹ̀gbọ́n mi ò ní, Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí lẹ́tà bá dé láti ọ́fíìsì ìjọba, èmi ló máa gbé e wá bá. Èmi náà á nu dígí ojú mi, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀gbọ́n mi á fọwọ́ lẹ́rán, á ní, "Ọ̀gá Gírámà, tú u fún mi." Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé, oúnjẹ máa ń dùn lẹ́nu mi.

Ọdún tó kọjá ló wá sọ fún mi pé òun ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ìyẹn ti ìrọ̀lẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọge ní aṣọ rírán. Orí àga lèèyàn á jókòó sí, ẹnu àti ọwọ́ ló máa fi ṣiṣẹ́, kò ní máa tẹ ẹ̀rọ kankan. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti wo iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Wọ́n ní àfi kó mú ìwé ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn àgbà wá kí ọdún tó parí, àwọn á fi àyè náà sílẹ̀ dè é.

"Ẹsẹ̀ mi ò lè tẹ nǹkan yìí ju ọdún méjì sí i lọ," ó wí. "Ìwé ẹ̀rí yẹn ni mo fẹ́ fi gbà á sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, gírámà kì í ṣe okùn ṣòkòtò o."

Ó ní, "Okùn ṣòkòtò náà, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n fi sí i."

Mo rẹ́rìn-ín. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní, màá wò ó.

Ó wá bá mi pé kí n kọ́ òun ní ẹ̀yà ọ̀rọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà: ká há a sórí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibì kan tàbí nǹkan. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí èèyàn ń ṣe. Ó kà á tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Èyí tí wọ́n kọ síbí, 'The iron is hot,' o ní ọ̀rọ̀-orúkọ ni 'iron'. Ó dáa. Ìsàlẹ̀ níbí, 'Iron the cloth,' o tún ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ṣé áyọ́ọ̀nù kan náà kọ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà há èyí tí mo kọ síbẹ̀. Ìbéèrè ti ń pọ̀ jù."

Ó wò mí, ó pa ìwé dé, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò tún wá bá mi fún gírámà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo rò pé ó ti sú u.

Ẹ gbọ́ ohun tó lọ ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní àṣà kan lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá ti gé aṣọ tán, á ya bébà kékeré, á kọ iṣẹ́ tí ègé kọ̀ọ̀kan máa ṣe sí i, á fi abẹ́rẹ́ olórí gún un mọ́ ọn: apá, ọrùn, àpò, ẹ̀yìn. Aṣọ kan náà ni gbogbo rẹ̀, àwọ̀ kan náà, bí kò bá gún bébà mọ́ wọn, yóò ṣì wọ́n mú. Ohun tó ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn. Ó ta aṣọ funfun kan mọ́ ògiri, ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan sórí bébà tó fi ń gé aṣọ, ó gún wọn ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé títí ó fi di gbólóhùn, ó wá gún bébà iṣẹ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tó ń gbé yunifọ́ọ̀mù wá tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti di mọ́kànlá tó ń ya ibẹ̀ lójoojúmọ́ tí ilé ìwé bá jáde.

Mi ò mọ̀, àfi ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ fún mi wò. Ọmọ yìí, kíláàsì mi ló wà, gírámà sì ni ẹkún rẹ̀. Mo ti pariwo mọ́ ọn títí ohùn fi há. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí àṣìṣe kan. Mo yí ìwé náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ta ló bá ọ ṣe é?"

"Èmi ni mo ṣe é, Bàámi. Màmá Bọ́tìnnì ló jẹ́ kó yé mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gún mi, torí ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni pé inú tèmi náà máa dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà, níbi tí wọn ò ti lè rí mi. Ẹ̀gbọ́n mi na ẹsẹ̀ sórí àpótí, okùn ìwọnṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi ń tọ́ka sí ògiri. Ó mú ègé aṣọ kan, ó gbé e lé àyà ọmọ kan. "Tí mo bá rán an síbí, kí ló dà?" Wọ́n ní àpò. Ó gbé e sí i lọ́rùn. "Síbí ńkọ́?" Wọ́n ní kọ́là. "Ṣé aṣọ ti yí padà?" Wọ́n ní rárá. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹ má wo ojú ọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé, iṣẹ́ wo lo wá ṣe níbí?" Ọmọ kan ní òun mọ ẹnì kan nílé tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè yẹn, kò ní rí iṣẹ́ kankan tọ́ka sí. Gbogbo wọn kú fún ẹ̀rín, ẹ̀gbọ́n mi náà ń rẹ́rìn-ín.

Mo wá rí i pé èmi náà ń mi orí ní ìta níbẹ̀. Ọdún méjìlélógún, mi ò rí ọmọ tó fi gírámà rẹ́rìn-ín níwájú mi rí, àfi tí wọ́n bá ń fi èmi fúnra mi rẹ́rìn-ín. Ohun tó yé àwọn ọmọ náà, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé èmi gan-an. Kí ló tún kù fún mi? Ó fún mi ní ilé ìwé, ó wá tẹ̀lé mi wọ ibẹ̀, ó tún jókòó sórí àga mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ara mi nìyẹn bí mo ṣe ń lọ sílé, mo sì ń sọ ọ́ síta, ẹni tó bá pàdé mi lọ́nà á rò pé orí mi ti yí.

Ìyálé kankan kì í jowú ìyàwó tó bí mo ṣe jowú ẹ̀gbọ́n mi ní oṣù náà. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, etí mi á ta. Ọ̀gá wa obìnrin nílé ìwé pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní, "Tíṣà, kí lẹ ṣe fún àwọn ọmọ yín lọ́dún yìí? Gírámà wọn ti dán." Mo dúpẹ́, mo gba ìyìn náà, mo fi sápò. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Wọ́n ní aránṣọ kan wà ládùúgbò yín. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá bá àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan." Mo ní màá jíṣẹ́ náà. Mi ò jẹ́ ẹ.

Àwọn àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ṣe ìdánwò wọn. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pín ìwé ìdánwò náà fún àwa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti máàkì, ogójì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà nìkan ló wà lórí wọn, kò sí orúkọ. Òfin kan sì wà: tí ẹ bá dá ìkọ̀wé ẹnì kan mọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dá ìwé náà padà kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i.

Ìwé kẹtàdínlógún ni tirẹ̀. Mi ò tíì ka ìlà méjì tí mo ti mọ̀. Bó ṣe ń rán aṣọ ló ṣe ń kọ̀wé, àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà kan sí èkejì kì í yẹ̀. Ó yẹ kí n pa á dé. Mo ń kà á lọ. Ìbéèrè kẹrin ló gba máàkì tó pọ̀ jù, ogún. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè mọ ẹ̀yà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ pé ojú ọ̀rọ̀ kì í sọ fún èèyàn, iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn ló ń sọ. Ó fi "iron" ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìkíní ọ̀rọ̀-orúkọ, ìkejì ọ̀rọ̀-ìṣe, ìkẹta ọ̀rọ̀-àpèjúwe, torí ó kọ "an iron gate". Gẹ̀ẹ́sì náà mọ́. Láti ọdún tí mo ti ń máàkì, mi ò ka ìdáhùn tó dára jù ú lọ. Ìwé ìtọ́sọ́nà sì wà níwájú mi, ó ní àlàyé tó bá ti bọ́gbọ́n mu pẹ̀lú àpẹẹrẹ, ẹ fún un ní gbogbo rẹ̀.

Mo dìde, mo mu omi, mo padà jókòó. Mo fi bíírò pupa fa ìlà lé ìdáhùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fún un ní mẹ́rin nínú ogún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Àádọ́ta ni wọ́n fi ń yege. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí, bí ìwé ṣe wí ni kó dáhùn. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Èsì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ́fíìsì wa yìí, ẹni tó bá fìdí rẹmi ni wọ́n máa ń fún ní ìwé rẹ̀, kó lè mọ ibi tó ti ṣubú. Ní ọ̀sán Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi wá sílé mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan yá, ọ̀kan ń fà. Kò sunkún. Ó jókòó, ó tẹ́ ìwé ìdánwò náà sílẹ̀ níwájú mi, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ tuntun jáde pẹ̀lú pẹ́ńsù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

"Ọmọ ìyá mi, mo fẹ́ẹ̀lì. Ó ti ṣẹlẹ̀. Ibi tí mo ti ṣìnà ni kí o fi hàn mí."

Mo ń wo ìlà tí èmi fúnra mi fà. Mo ní, "Ó lè jẹ́ ẹni tó máàkì ẹ̀ ni kò fara balẹ̀."

"Rárá o. Ọ̀mọ̀wé ni yóò jẹ́, kò lè ṣàdédé fa ìlà pa iṣẹ́ èèyàn. Bó ṣe yẹ kí n dáhùn ẹ̀ ni kí o sọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọ́sórí fún un. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibì kan. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n rọra. Nígbà tó kọ ọ́ dé ìdajì, ó ní, "Mo dúpẹ́ pé mo tètè mọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ni ǹ bá ti bà jẹ́. Mo ti tú gbogbo bébà ara ògiri sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni mo fi kọ́ wọn, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀, kí wọ́n sì dárí jì mí. Ọmọ rẹ ló sunkún jù."

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Mo sì ti ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lánàá pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Wọ́n ní mo ṣì lè tún ìdánwò ṣe, àwọn á dúró. Mo ní rárá. Ẹni tí ohun tó dá a lójú bá jẹ́ irọ́, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kọ ọ́ mọ́. Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé yìí ló tọ̀nà. Èmi ni mo fa ìlà yẹn."

Kò gbé orí sókè lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí.

"O mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo mọ̀."

"Kí o tó fà á, àbí lẹ́yìn tí o fà á?"

"Kí n tó fà á."

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Mo ní, "Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí. Mo ń jowú yín ni."

Ó ká ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó gbé pẹ́ńsù sí i láàárín, ó fi ìwé ìdánwò náà sílẹ̀ níwájú mi, ó dìde. Mo fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, ó di igi àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dúró lókè títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, mo jẹ́wọ́. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń máàkì, wọ́n kọ̀wé sí ọ̀gá mi, ó tọ́ sí mi. Olùkọ́ mìíràn tún ìwé náà yẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀, ó fún ìbéèrè kẹrin ní méjìdínlógún. Ẹ̀gbọ́n mi yege. Láti ibẹ̀ ni mo ti sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní àwọn ti gba ẹlòmíràn láàárọ̀ yẹn, obìnrin náà ti fọwọ́ síwèé, ó ti wà ní kíláàsì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá kejì, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọge náà.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń rán apá aṣọ kan. Mo sọ fún un pé ó yege, mo sì sọ fún un pé àyè ti lọ. Kò dá iṣẹ́ dúró. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín àwọn àkísà aṣọ, mo ní kó bú mi, kó gbá mi létí, kó lé mi jáde.

Ohùn rẹ̀ ò le. Ó ní, "Láti kékeré, ẹni tó bá fìyà jẹ mí, ìwọ ni mo máa ń wá sọ fún. Nígbà tí ọkọ mi já mi sílẹ̀, ìwọ ni mo sọ fún. Eléyìí ńkọ́? Ta ni kí n lọ sọ ọ́ fún?"

Ó dúró, ó ń retí ìdáhùn, torí ìbéèrè gidi ló bi mí. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi rán apá aṣọ náà tán, tó mú èkejì, mi ò rí orúkọ ẹnì kankan dá.